Mẹ́ṣíìnì tí ò ní gáàdì, ta la lè fẹjọ́ ẹ̀ sùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé iṣẹ́ ike ni mo wà lápá Ọ̀tà níbí, kasúà (òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀) ló pọ̀ jù nínú wa, a sì ju èèyàn mẹ́wàá tí Factories Act, ìyẹn òfin ààbò ilé iṣẹ́, fi ń ka ibì kan sí ilé iṣẹ́ lọ dáadáa. Mẹ́ṣíìnì tó ń lọ ike ò ní gáàdì (ìbòrí tó ń dáàbò bo ọwọ́ wa) mọ́, wọ́n tú u, wọ́n gbé e ti ògiri, wọ́n ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, òun náà ló gé ìka bọ̀dá kan lóṣù tó kọjá, wọ́n fi àkísà wé e wọ́n fún un lówó ọ̀kadà. Òfin ní tí èèyàn ò bá lè ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kí ọ̀gá fi tó inspẹ́kítọ̀ ìjọba létí, wọn ò sọ fẹ́nì kankan.

Ṣé tí mo bá lọ sí ọ́fíìsì Ministry of Labour, wọn ò ní dárúkọ mi fún ọ̀gá? Mo mọ̀ pé inspẹ́kítọ̀ lè wọlé tọ̀sán tòru, àmọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ̀wé, gáàdì á ti padà sípò kí wọ́n tó dé, wọ́n á tún ha bùùtù fún wa (tí wọ́n á gbà padà nírọ̀lẹ́ ni o).

Súpáfáísọ̀ ní kasúà ò lè gbowó NSITF (àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́), bẹ́ẹ̀ òfin owó náà, Employees' Compensation Act 2010, dárúkọ kasúà. Ẹni tó bá ti gbà á rí, báwo lẹ ṣe ṣe é tí ọ̀gá bá kọ̀ láti kọ fọ́ọ̀mù?