Ṣé àwòrán nìkan lè sọ irú jẹjẹrẹ tó wà nínú ẹ̀dọ̀?

Àdùkẹ́_Ìjẹ̀bú

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni ọdún 52 ni. Nígbà tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ tó ń rọbí ni wọ́n ti sọ fún un pé ó ní hẹpatáítíìsì B, ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ohun tó ń ṣe é, ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọdún yìí ni ìhà rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Wọ́n ṣe skáànù ikùn, wọ́n rí kókó kan nínú ẹ̀dọ̀, wọ́n ní kó lọ ṣe CT, àwòrán tó ń fi inú ara hàn ní ègé ègé. Èsì CT ní kókó náà tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, wọ́n sì kọ "LR-5" sí ìsàlẹ̀ ìwé. Dókítà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, pé kò sídìí fún kí wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ fa ẹran ara jáde, àwòrán ti tó.

Ibẹ̀ ni ìdílé wa kò ti gbà. Ìyá wa ní báwo ni wọ́n ṣe máa pe nǹkan tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn ní jẹjẹrẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmú àǹtí wa ṣẹlẹ̀, wọ́n gbé ẹran lọ sí láàbù ná kí wọ́n tó la ẹnu. Èyí tó tún wá dà mí láàmú jù ni dókítà kejì tó wo àwòrán yẹn: ó ní etí kókó náà kò dán, ẹ̀rù ń ba òun pé ó ti ń wọ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín, pé bí wọ́n bá gé e kúrò, ó lè padà wá. Iṣan tí ojú kò rí, ibo ni àwòrán ti rí i? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí ni kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn. Ẹ má júwe àgbo fún mi.

BàbáSkáànù

Àdùkẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Dókítà tó ń ka àwòrán inú ara ni mí, ẹ̀dọ̀ ni mo sì ń kà jù. Ẹ bá mi kí ìyá yín, ìbéèrè tó dára ni wọ́n béèrè.

Ohun tó ya ẹ̀dọ̀ sọ́tọ̀ sí ọmú ni pé ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ń gba inú iṣan ńlá tó ń ti ìfun bọ̀. Ìdá kan tó kù ń gba inú iṣan tó ń ti ọkàn bọ̀. Bí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ṣe ń dàgbà, ó ń kọ ọ̀nà ìfun sílẹ̀, ọ̀nà ti ọkàn ló sì ń jẹ. Ìyẹn ni a máa ń lò láti mú un. Bí wọ́n bá fún aláìsàn ní oògùn àwòrán sí apá, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 35, ọ̀nà ọkàn nìkan ni oògùn náà tíì gbà dé: kókó á tàn yòò, ẹ̀dọ̀ tó yí i ká kò ní tíì tàn. Nígbà tó bá fi máa di ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀, títí dé ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, oògùn ti gba ọ̀nà ìfun dé, gbogbo ẹ̀dọ̀ ti mọ́lẹ̀, kókó ló wá ṣókùnkùn. Nígbà mìíràn ẹ ó tún rí awọ kan tó mọ́lẹ̀ yí i ká.

Lára ẹni tí hẹpatáítíìsì B ti ń bá gbé pẹ́, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le tó ti di àpá, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí nǹkan mìíràn ṣe báyìí. Ní Barcelona lọ́dún 2000 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti fohùn ṣọ̀kan pé a lè dá irú jẹjẹrẹ yìí mọ̀ láìlo abẹ́rẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àwòrán ní Amẹ́ríkà sì gbé LI-RADS jáde lọ́dún 2011, ìlànà tí a fi ń pín kókó inú ẹ̀dọ̀ sí ìpele bó ṣe jọ jẹjẹrẹ tó. Ibẹ̀ ni "LR-5" yín ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó dá wọn lójú pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni. Ká ní ẹni tí kò ní hẹpatáítíìsì B, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní àpá, ni àwòrán kan náà ti jáde, èmi fúnra mi á ní kí wọ́n lọ fa ẹran ara.

Ó wá ku ìbéèrè kejì, èyí tó wù mí jù. Òtítọ́ ni pé kò sí àwòrán kankan tó rí jẹjẹrẹ nínú iṣan tín-ín-rín. Ohun tó ṣe yíká ara rẹ̀ la máa ń rí. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá dí àwọn ẹ̀ka kéékèèké iṣan ìfun tó wà nítòsí kókó, ibẹ̀ kò ní rí ẹ̀jẹ̀ ìfun mọ́, iṣan ọkàn á sì sáré wá dí àlàfo náà. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ẹ ó wá rí i tí ẹ̀dọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó náà ń tàn níbi tí kò yẹ kó tàn. Ẹ pa èyí pọ̀ mọ́ etí tó rí wúruwùru: ìdí tí ẹ̀rù fi ba dókítà kejì nìyẹn, ẹ̀rù tó ní ìpìlẹ̀ sì ni.

MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán, máa ń sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn rẹ̀ kan wà, gadoxetate, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó jí pépé máa ń mu. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, ẹ̀dọ̀ á mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ á sì dúdú, nítorí ilẹ̀kùn tí oògùn náà ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ti bàjẹ́ lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ ṣì ń mu ún, tí wọ́n ń mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ní àyípadà nínú àbùdá (jíìnì) kan tó ń jẹ́ CTNNB1. MRI tún lè fi hàn bí ọ̀rá bá wà nínú kókó. Bí àárín kókó bá sì ti kú lọ rẹpẹtẹ, ọkàn mi máa ń lọ sí irú èyí tí wọ́n ń pè ní macrotrabecular-massive, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sínú ìwé wọn lọ́dún 2019. Irú yẹn burú.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2007 ló mú mi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Eran Segal, Michael Kuo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn to àmì 28 lórí àwòrán CT jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, wọ́n sì fi wọ́n sọ bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àbùdá tí wọ́n yẹ̀ wò ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, mi ò lè wo kókó bí ẹni ń wo òjìji lásán mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí mo bá ń kọ èsì, "ó jọ pé" ni mo máa ń kọ nípa àwọn iṣan kéékèèké. Mi ò jẹ́ kọ "ó ti wọ̀ ọ́".

Láàbù_Òṣogbo

Mo júbà ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ ṣáájú. Èmi ni mo ń wo ẹran ara lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí mo rò pé ìdílé yín gbà pé abẹ́rẹ́ á sọ gbogbo rẹ̀.

Kò ní sọ ọ́. Ẹran tí abẹ́rẹ́ ń fà kò nípọn ju okùn ìránṣọ lọ. Ìgbà tí wọ́n bá gé kókó náà jáde tòun ti ẹ̀dọ̀ tó yí i ká ni mo tó lè wá jẹjẹrẹ nínú iṣan tín-ín-rín dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí jẹjẹrẹ náà ṣe le tó: láti 1954 ni àwọn dókítà méjì, Edmondson àti Steiner, ti pín in sí ìpele mẹ́rin, ṣùgbọ́n kókó kan ṣoṣo lè ní ìpele méjì, kí abẹ́rẹ́ sì bọ́ sórí èyí tó rọ̀. Abẹ́rẹ́ sì lè gbé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sójú ọ̀nà tó gbà wọlé. Ìṣirò kan tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ ní ó ń ṣẹlẹ̀ sí bí 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún kí ó lè sàn kò yẹ kó fi ìyẹn ṣeré.

Níbi tí mo ti fẹ́ kí àwọn dókítà àwòrán má dá wa sílẹ̀ ni èyí tí ìlànà LI-RADS yẹn ń pè ní "LR-M": kókó tó jẹ́ etí rẹ̀ nìkan ló ń tàn bí òrùka. Ìyẹn lè jẹ́ jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro, tàbí àdàlù méjèèjì, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹran ránṣẹ́.

Túndé_Kóòdù

Mo ti ń ka nípa kọ̀ǹpútà tó ń wo àwòrán ẹ̀dọ̀ tó sì ń sọ gbogbo èyí fúnra rẹ̀. Ṣé Àdùkẹ́ ò lè fi àwòrán ẹ̀gbọ́n wọn ránṣẹ́ síbẹ̀?

BàbáSkáànù

Túndé, iṣẹ́ gidi ni, mo sì ń tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà máa ń wọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún nǹkan tí ojú mi kò lè kà: bí àwọ̀ ṣe ń yí láti ojú kan sí èkejì, bí etí ṣe ṣe kọ́lọkọ̀lọ tó. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó dá lórí iṣan tín-ín-rín ń ti Ṣáínà wá, níbi tí hẹpatáítíìsì B ti pọ̀ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá yàtọ̀, tí ègé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwòrán bá nípọn ju ti ibi tí wọ́n ti kọ́ kọ̀ǹpútà náà, tàbí tí wọ́n yà á ní ìṣẹ́jú àáyá 50 dípò 35, kọ̀ǹpútà náà á ṣì fún yín ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn á sì ṣìnà. Mi ò ní fi ṣe ìpinnu fún ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni lónìí.

Ohun tó ń ká mi lára ju kọ̀ǹpútà lọ nìyí. Mo máa ń gba díìsìkì láti àwọn ibi kan tí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn àwòrán, tí wọ́n sì yà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni náà ti ta ilẹ̀ tàbí yá owó láti ṣe é, kò sì sí ohun tí mo lè kà níbẹ̀ ju pé kókó wà. Àdùkẹ́, ẹ wo ìwé yín: ìgbà mélòó ni wọ́n ní àwọn ya àwòrán?

Àdùkẹ́_Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo wò ó: wọ́n kọ ọ́ pé láìsí oògùn, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú oògùn. Wọ́n tún kọ ọ́ pé iṣan ńlá ti ìfun ṣí sílẹ̀, kò dí. Mo ka àlàyé yín sókè fún ìyá wa. Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má gún ọmọ òun lábẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n béèrè: ṣé kóun tún ṣe MRI kó tó di iṣẹ́ abẹ?

BàbáSkáànù

Mẹ́rin pé, wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ. Ìròyìn rere sì ni pé iṣan ńlá ṣí sílẹ̀.

Tí owó bá wà, tí MRI tó ní gadoxetate sì wà níbi tí ẹ lè dé, bẹ́ẹ̀ ni: ó lè rí kókó kékeré mìíràn tí CT kò rí, ìyẹn sì lè yí iṣẹ́ abẹ padà. Tí kò bá sí, ẹ má torí rẹ̀ fi iṣẹ́ abẹ falẹ̀. Ẹ bi dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ bóyá ó lè gé ẹ̀dọ̀ tó yí kókó ká fẹ̀ díẹ̀ sí i nítorí etí wúruwùru yẹn, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá gé ránṣẹ́ sí láàbù ní odindi.

Ó ku ẹ̀yin. Ìyá kan náà ló bí yín, hẹpatáítíìsì B sì máa ń ti ara ìyá bọ́ sára ọmọ nígbà ìbímọ. Kí ìyá yín, ẹ̀yin àbúrò, ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí kò bá ní in, tí ara rẹ̀ kò sì tíì ní ààbò, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá ní in, kó lọ rí dókítà ẹ̀dọ̀, kó sì máa ṣe skáànù ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà bí dókítà náà bá ní kó ṣe é.