"Aláìlèpín" kọ́, "kòṣeépín" ni: èsì lórí 2,147,483,647

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín láti Àkúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Òǹdó mú 2,147,483,647 ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n sì pè é ní "òǹkà aláìlèpín", ìyẹn ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "prime number", nítorí pé yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí odidi òǹkà tó pín in láìṣẹ́kù. Àpẹẹrẹ náà dára púpọ̀; "lè" inú orúkọ yẹn ni mi ò lè gbé mì.

Aláìlèsọ̀rọ̀ ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Aláìlèpín yóò jẹ́ ẹni tí kò lè pín nǹkan, bóyá ahun kan báyìí. Bí ènìyàn 3 bá pín òǹkà yìí, 1 yóò ṣẹ́kù. Bákan náà ni fún ènìyàn 7, 11 àti 31. A jẹ́ pé 3 gan-an ni aláìlèpín, nítorí òun ló fẹ́ pín in tí kò rí i pín. Ẹ̀gbọ́n fi "ọ̀nà pín sí méjì" ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, pé nǹkan lè pín láìsí ẹni tó pín in, ṣùgbọ́n ọ̀nà a máa pín fúnra rẹ̀; mi ò tíì rí òǹkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló gbọ́ "kòlèmánìí" rí? Kòṣeémánìí ni gbogbo wa ń wí; kí òǹkà yìí náà máa jẹ́ kòṣeépín. Àwọn ìyá tó ń ka obì ní Òǹdó nígbà èwe wa, bí obì kò bá ti pé iye tí wọn ó fi pín in dọ́gba, "kò ṣeé pín" là ń gbọ́ lẹ́nu wọn, wọn kò sì lọ sí yunifásítì kankan.

Ẹ rántí bí a ti mọ̀ pé kòṣeépín ni. Bí a bá to 2 mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí a sọ wọ́n di púpọ̀ lórí ara wọn, tí a yọ 1 kúrò, òun ló kù, yíyọ 1 kò sì ṣàjèjì sí àwa tí à ń pe 19 ní ọ̀kàndínlógún. Ní 1772, Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, kò dán gbogbo òǹkà wò: ó fi hàn pé òǹkà kòṣeépín yòówù tí yóò bá pín in gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 1 tàbí 63 kù bí a bá fi 248 pín òun náà, kò sì nílò àtikọjá 46,341, tí ìlọ́po ara rẹ̀ ti ju òǹkà wa lọ. Nínú àwọn tó kù fún un láti dán wò, kò sí èyí tó pín in.

Ní ti ẹni tó fẹ́ kí a padà sí pípè é ní "òǹkà àkọ́kọ́", àkọ́kọ́ nínú kí ni? 1 ló ṣáájú, kò sì sí lára wọn. Ẹlòmíràn ní kí a fi "iye" rọ́pò "òǹkà", nítorí pé òǹkàwé ni ẹni tó ń kàwé, òǹkà yóò sì dà bí ẹni tó ń ka nǹkan. Ìyẹn fẹ́ wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fún 1 lórúkọ, òun tó ń pín gbogbo òǹkà láìṣẹ́kù, tí kì í sì í ṣe kòṣeépín.