Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀gbọ́n mi àti Bàbá Kékeré ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kàbbà ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti lo 20 ọdún ní Jámánì wálé lóṣù tó kọjá, ló bá rí i pé àbúrò bàbá wa ti gbin kajú sórí ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀. Kò tíì kí wọn tán tó fi ní, “Ilẹ̀ wa lẹ gbà.” Lójú gbogbo ẹbí! Bàbá ò fọhùn. Wọ́n kàn mú fìlà wọn lórí orúnkún, wọ́n dìde, wọ́n wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òótọ́ lòun sọ, ó tán. Kò tán o. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò jẹun ilé wa mọ́.

Níbi tó ti ń bọ̀, kéèyàn sọ ọ̀rọ̀ sójú ẹni kì í ṣe àrífín. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀dọ̀ olórí ẹbí la máa ń gbé e gbà. Ní báyìí, ó ti ń dárúkọ kóòtù, bẹ́ẹ̀ a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀? Ṣé kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá lórúkọ ẹ̀gbọ́n mi láìsọ fún un, àbí ìyẹn á tún bà á jẹ́ sí i?