Ọkọ mi àti àbúrò ẹ̀ ò kí ara wọn láti ìgbà ìbò 2019, yìgì ọmọ sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyàwó Ilé:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣẹ̀fẹ̀, orí mi ti dàrú. Mo sì fẹ́ sọ ọ́ ṣáájú pé mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, torí mo mọ̀ yín. Tí mo bá dárúkọ ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ ó gbàgbé èmi, ẹ ó máa bú ara yín.

Agbo ilé kan náà lèmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àbúrò ẹ̀, níbí nísàlẹ̀ Ìlọrin. Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá ni wọ́n. Ọ̀gá Kékeré ni mò ń pe àbúrò yìí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, nítorí iyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé girama ló wà nígbà yẹn. Ògiri kan ló la yàrá wa. Tó bá húkọ́ lóru, à ń gbọ́. Síbẹ̀, láti 2019, òun àti ọkọ mi ò kí ara wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Wọn ò sí nínú ẹgbẹ́ kan náà. Tẹ́lẹ̀, àwàdà ni wọ́n ń fi ṣe. Ọ̀kan á ní "ẹ̀yin olè", èkejì á ní "ẹ̀yin aláìmoore", wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jọ jẹ tùwó nínú abọ́ kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde ìbò gómìnà, Ọ̀gá Kékeré àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ jó wọ agbo ilé, ìgbálẹ̀ ńlá wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà wa, ó tẹ̀ ba, ló bá ń gbálẹ̀ láti ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ títí dé ìdí kànga, ó ń kọrin pé ìdọ̀tí ń lọ. Bàtà ọkọ mi wà níbẹ̀, ó gbá a mọ́ ọn. Ọkọ mi dúró lójú fèrèsé, kò fọhùn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jáde, ó rí bàtà ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó wá èkejì títí, kò rí i. Òun ló san owó WAEC fọ́mọ yìí o.

Mi ò gbè sẹ́yìn ọkọ mi. Òun náà ṣe tiẹ̀. Ní 2021, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ọ̀gá Kékeré, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lọ́sibítù. Ìyá wọn bẹ ọkọ mi kó lọ wò ó. Ó ní, "Kí ìjọba ẹ̀ lọ wò ó." Ọ̀rọ̀ yẹn dé etí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi lọ ní tèmi. Mo gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ sínú báàgì, mo ní mò ń lọ ra ata ní Ìpàta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ra ata lọ́sẹ̀ yẹn. Ọkọ mi ò mọ̀ títí dòní, ẹni tó bá dá mi mọ̀ níbí kó bá mi pa ẹnu mọ́.

Wàyí o, ọmọbìnrin Ọ̀gá Kékeré ló fẹ́ ṣe yìgì. Ọ̀dọ̀ mi lọmọ náà dàgbà sí, láti ọmọ ọdún mẹ́rin títí tó fi wọ girama. Ó wá kúnlẹ̀ fún ọkọ mi, ó ní tí bàbá tó tọ́ òun ò bá sí níjókòó, òun ò mọ ojú tóun máa fi jókòó. Ọkọ mi fún un lówó, ó ṣàdúrà fún un, ó wá ní òun ò ní débẹ̀, torí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ bàbá ẹ̀ ló máa kún iwájú. Bàbá ọmọ náà ní òun ò ní bẹ ẹnì kankan, ẹ̀gbọ́n òun mọ ọ̀nà.

Ṣé kí n dá lọ? Ṣé kí n jókòó ti ọkọ mi? Báwo lèèyàn ṣe ń mú irú àwọn méjì yìí jókòó pọ̀?

Oníwàrà:
Ẹ ní ẹ ò ní dárúkọ ẹgbẹ́, ẹ wá gbé ìgbálẹ̀ jáde 😂 Ó kù kẹ́ ẹ ní òjò ń rọ̀, ọkọ yín wá na agboòrùn.

Ẹ má bínú, mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni. Ẹ dá lọ o. Ẹ̀yin lẹ tọ́mọ, ẹ̀yin lẹ máa gbá a mọ́ra lọ́jọ́ náà. Ẹ kàn sọ fọ́kọ yín lójú ara ẹ̀ pé ẹ̀ ń lọ. Ẹ má tún lọ ra ata.

Bàbá Àgbà:
Ìyàwó wa, o kú ìfaradà. Mo ti dàgbà tó láti rántí 1983. NPN ló ń ṣèjọba ní Kwara, Adamu Attah ni gómìnà. Olóyè Olusola Saraki, àgbà NPN fúnra ẹ̀, gbógun ti gómìnà ẹgbẹ́ ẹ̀, ó gbè sẹ́yìn Cornelius Adebayo ti UPN, ìyẹn sì wọlé. Àwọn tí wọ́n ti ń bú ara wọn láti 1979 jí lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ara wọn nídìí àpótí kan náà. Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fi gbádùn ẹ̀, sójà gbàjọba lọ́jọ́ 31 Disẹ́ńbà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rántí 2011. Olóyè yìí kan náà fa ọmọ ẹ̀ obìnrin, Gbemisola, kalẹ̀ lábẹ́ ACPN. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, Bukola, tó wà lórí oyè gómìnà, fa Abdulfatah Ahmed kalẹ̀ lábẹ́ PDP. Bàbá àti ọmọ, nínú ìlú kan! Ti ọmọ ló wọlé. Nígbà tí Olóyè kú ní Nofẹ́ńbà 2012, ṣé ará ìta ló sin ín? Bukola fúnra ẹ̀ bọ́ sí APC ní 2014, ó padà sí PDP ní 2018. Bí ọkọ ẹ bá ní nítorí ẹgbẹ́ lòun ṣe ń bínú, bi í pé ẹgbẹ́ ti ọdún wo.

Ọmọ Ìta Ọjà:
Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ yín fẹ́ jọ pé gbogbo wọn ìkan náà ni, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ó tó gẹ́ tí a fi polongo ìbò 2019 kì í ṣe eré. Ará ìlú ló rí i pé agbára ti pẹ́ jù lọ́wọ́ ilé kan. Gómìnà àti sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yí padà ní 2019, Bukola tó ń darí ilé aṣòfin àgbà ní Àbújá nígbà yẹn fìdí rẹmi nínú ìlú ẹ̀. Èèyàn lè kórìíra bí àbúrò ṣe gbá bàtà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dànù, kó ṣì gbà pé ìbò yẹn tọ̀nà.

Ará Ilé Lókè:
Ìbò tọ̀nà, kí wá ni wíwó tí ẹ wó Ilé Arúgbó, ibi tí Olóyè Saraki ti máa ń gba àwọn arúgbó lálejò, ní Jánúárì 2020?

Ọmọ Ìta Ọjà:
Ìjọba ló ni ilẹ̀.

Ará Ilé Lókè:
Ìdílé Saraki ní tàwọn ni. Ìwé tiyín dà?

Alábòójútó:
Mo ti yọ ìdáhùn mọ́kànlá tó tẹ̀ lé èyí. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé la wà lórí ẹ̀. Ẹni tó bá tún bú ìyá ẹnì kan, máa yọ òun náà.

Ìyàwó Ilé:
Ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?

Àǹtí Ọ̀fà:
Èmi ò tíì rí òṣèlú nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ yọ ẹgbẹ́ kúrò níbẹ̀, kí ló kù? Bàtà ẹsẹ̀ kan, àti aláìsàn tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò wá wò. Ìyẹn lẹ̀dùn ọkàn wọn. Tí PDP àti APC bá dàpọ̀ lọ́la, ọkọ yín ò ní rí bàtà ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń retí kí wọ́n ní "ẹ má bínú, mo rí yín fín". Àbúrò ń retí kí wọ́n bi í pé "ojú ọgbẹ́ yẹn ti jinná?" Ẹ̀ ń wá bí wọ́n ṣe máa fẹnu kò lórí ìjọba, wọn ò ní fẹnu kò, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dìbò wọn lọ.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àwa la mọ̀ pé ẹni tí wọ́n dá lójú agbo, ojú agbo náà ló ti ń fẹ́ dìde. Ojú gbogbo ilé ni wọ́n ti gbálẹ̀ yẹn. Kó má jẹ́ kọ̀rọ̀ ni Ọ̀gá Kékeré ti máa tọrọ àforíjì.

Àlùfáà Kékeré:
Sàlámù àlékúm. Ẹ jẹ́ kí n tú okùn kan. Bàbá ọmọ ló ń fọmọ fọ́kọ. Bí ọkọ yín ò bá wá, yìgì so, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn dẹ́rù ba ọmọ yẹn. Ní ti àwọn méjèèjì, Ànábì wa ní kò tọ́ kí Mùsùlùmí yan ọmọ ìyá ẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, àti pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sálámà ló lóore jù. Kò sọ pé àbúrò ni, kò sọ pé ẹ̀gbọ́n ni. Ẹ má gba ọ̀dọ̀ ìyá wọn lọ, ìyá àgbà ti gbọ́ ti bàtà, ó ti gbọ́ ti ọsibítù, ó tó o.

Ọmọ Ìgbómìnà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe rí. Ìlú mi kò jìnnà sí Èrúkù. Lẹ́yìn 2019, ìpàdé ìlú wa pín sí méjì, ọjọ́ kan náà, aago kan náà, ọ̀kan ní gbọ̀ngán, ọ̀kan nílé ìwé. Pásítọ̀ là wọ́n, ó tì. Àwọn ọmọ wa nílùú òyìnbó pè wọ́n lórí fóònù, ó tì. Bí wọ́n bá ti jókòó, ẹnì kan á ní "ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba owó", ó parí nìyẹn.

Ìgbà tí wọ́n wá kó ẹni 38 lọ láti inú ìsìn ní Èrúkù ní Nofẹ́ńbà 2025, kí wọ́n tó padà wálé, ìlú wa ò sùn. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn máa ṣọ́ òru. Ẹni tó ń kọ orúkọ gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Ó kọ ọ́ ní méjì méjì, ọ̀kan láti gbọ̀ngán, ọ̀kan láti ilé ìwé, ó sì fún ẹni méjì ní tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo. Tó o bá bínú sí ẹnì kejì ẹ, inú òkùnkùn lo máa rìn. Kò sí ẹni tó pe ìpàdé ìlàjà. Bàbá mi àti ọkùnrin kan tí wọn ò jọ sọ̀rọ̀ fún ọdún márùn-ún jọ pín ẹ̀pà sísun jẹ lábẹ́ igi òrò. Wọn ò dìbò fẹ́gbẹ́ kan náà títí dòní, tí ọ̀rọ̀ bá sì dé ibẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á ní òun fẹ́ lọ tọ̀.

Ẹ má ní kí wọ́n wá jókòó sọ̀rọ̀. Kí ló jọ jẹ́ tiwọn méjèèjì nínú ilé yẹn, tó ń bàjẹ́ lọ?

Ìyàwó Ilé:
Ọlọ́run mi. Òrùlé yàrá ìyá wọn ni. Ó ti ń jò láti ọdún tó kọjá. Ọkọ mi ní ẹni tí ìjọba wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni kó ṣe é. Ọ̀gá Kékeré ní àkọ́bí ló nilé. Ike ọ̀dà ni màmá fi ń gbe omi.

Ọmọ Ìgbómìnà:
Ẹ pe kápẹ́ńtà. Kí kápẹ́ńtà pe àwọn méjèèjì, aago kan náà. Kẹ́ ẹ má sí nílé.

Oníwàrà:
Ẹ lọ ra ata 😂

Ìyàwó Ilé (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ):
Ẹ kú ojúlọ́nà. Mo lọ ra ata lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbà, ìdí ilé aládùúgbò ni mo dúró sí.

Ọkọ mi kọ́kọ́ dé. Ọ̀gá Kékeré dé lẹ́yìn, pẹ̀lú fìlà ẹgbẹ́ lórí, ibi ìpàdé ló ti ń bọ̀. Ọkọ mi rí fìlà, ó ti fẹ́ yíjú padà. Kápẹ́ńtà yìí, n kò mọ̀ bóyá ó gbọ́n ni àbí kò ráyè wọn, ó ti wà lórí àkàsọ̀, ó ké sílẹ̀ pé kí ẹnì kan di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú, kí ẹnì kan na páànù sóun. Wọ́n wo ara wọn. Ọkọ mi di àkàsọ̀ mú. Nǹkan bí wákàtí méjì ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ ni "fà á wá sọ́tùn-ún", "iye wo ló ní ìdì ìṣó kan báyìí?", "ha, ó ti wọ́n o". Lórí ọ̀wọ́n yẹn nìkan ni wọ́n ti pẹ́ díẹ̀.

Wọn ò rí nǹkan kó ìṣó sí. Ọ̀gá Kékeré ṣí fìlà ẹ̀, ó yí i délẹ̀, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Inú fìlà yẹn ni ọkọ mi ti ń ṣa ìṣó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń nà án sókè.

Kò tíì sí ẹ má bínú. Ní ti yìgì, ọkọ mi ò ní òun ń lọ, ó kàn bi mí lánàá pé aago mélòó ni, mo dá a lóhùn, ó yí padà sùn. Fìlà náà ṣì wà lójú fèrèsé màmá, ìṣó kù díẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹnì kankan ò tíì wá mú un.