Láptọ́ọ̀pù tó ń wọ́: RAM àti SSD ni kẹ́ ẹ pààrọ̀

Ará Leeds: Ẹ kú àsìkò yìí o. ThinkPad T480 ni láptọ́ọ̀pù mi, RAM ẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) jẹ́ 8GB, hard disk àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú ẹ̀. Bí Chrome àti Teams bá ti jọ wà ní ṣíṣí, ńṣe ló ń wọ́ bí ìgbín. Ṣé kí n kúkú ra òmíràn ni?

Ará Houston: Ẹ má rà á o. Ihò RAM méjì ló wà nínú T480. DDR4 SO-DIMM, irú RAM tó bá ihò yẹn mu, lẹ máa béèrè, 8GB méjì tàbí 16GB méjì. 2400 ni iyára tó ń lò; bó bá jẹ́ 2666 lẹ rí ní owó pọ́ọ́kú, á ṣiṣẹ́, iyára 2400 náà ló máa lò. DDR3 àti DDR5 ò lè wọ ihò yẹn. RAM tòkúnbọ̀ ò burú, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó. SSD, ìyẹn dísìkì tí kì í yí tẹ́ ẹ máa fi rọ́pò hard disk yẹn, tòkúnbọ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sá fún, torí gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sórí ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ lára. Àmọ́ ẹ wo ìdí láptọ́ọ̀pù yín dáadáa: bó bá jẹ́ T480s, wọ́n ti jó RAM kan mọ́ bọ́ọ̀dù, ihò kan péré ló kù.

Ará Dublin: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ní ti SSD, bí hard disk tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ 2.5-inch SATA (ìwọ̀n ẹ̀ àti irú wáyà tó ń lò nìyẹn), irú ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ rà, kó má kéré sí ti àtijọ́. NVMe, irú SSD mìíràn, yára jù ú lọ, àmọ́ ilé tó ń jókòó sí àti wáyà ẹ̀ yàtọ̀. Fún Teams, owó ìyẹn ò pọn dandan.

Ẹ pa BitLocker (àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì), kẹ́ ẹ jẹ́ kó tú tán, kẹ́ ẹ tó fi Clonezilla (ètò tó ń ṣe àdàkọ dísìkì) da ohun tó wà nínú dísìkì sórí SSD. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ṣájà, ẹ tẹ F1 bó bá ṣe ń tàn, ẹ lọ sí Config, Power, Disable Built-in Battery. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ń fò: bátìrì kan ṣì wà nínú lọ́hùn-ún, yàtọ̀ sí tẹ̀yìn tó ṣeé yọ. Ẹ yọ tẹ̀yìn náà, kẹ́ ẹ wá tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà ìdí ẹ̀. Wọn kì í já bọ́, ẹ má fipá fà wọ́n. Ẹ má ṣe é lórí kápẹ́ẹ̀tì, pàápàá nígbà òtútù tí hítà ti gbẹ afẹ́fẹ́ ilé, torí iná static tó ń kóra jọ sára èèyàn lè ba inú ẹ̀ jẹ́.

Ará Leeds: Mo ti tò ó. Iná ń tàn, ojú ẹ̀ dúdú kirikiri!

Ará Dublin: Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan sí méjì, ó ń ka RAM tuntun ni. Bí kò bá yí padà, RAM ò wọlé tán. Ẹ tì í wọlé ní dídàgẹ̀rẹ̀ títí góòlù ẹnu ẹ̀ ò fi ní fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn mọ́, ìgbà yẹn lẹ máa tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó dún "kọ́". Bó bá ṣì kọ̀, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dán an wò.

Ará Leeds: Ó ti jí o! Ẹ ṣeun gan-an.

Ará Baltimore: Ẹ̀gbọ́n Houston, desktop tí èèyàn fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé ńkọ́?

Ará Houston: Ẹ wo ẹ̀yìn power supply ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ pé suíìṣì pupa kékeré ló wà níbẹ̀, ẹ yí i sí 230 kó tó wọ inú páálí. Bí wọ́n bá ki 115 bọ iná Nàìjíríà, á jó.