Ẹyin adìẹ mi ku ọjọ́ mẹ́ta kí ó pa: kí ni kí n ṣe, kí ni kí n má ṣe?

Àbúrò Ìkọ̀lé

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ adìẹ sísìn. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ń gbé, ẹ̀rọ kékeré kan tó ní fáànù ni mo sì fi ń pa ẹyin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo kó ẹyin 48 sínú rẹ̀. Ní ìṣirò mi, ọ̀la tí í ṣe Ọjọ́bọ̀ ni yóò pé ọjọ́ 18.

Ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò ló ń bà mí lẹ́rù. Nínú ẹyin 30, ọmọ 11 ló kú sínú èèpo, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti fi ẹnu lu èèpo kí wọ́n tó kú. N kò ní purọ́, mo ń ṣí ọmọrí ẹ̀rọ náà léraléra láti wò wọ́n, mo sì fi èékánná bó èèpo mẹ́ta nígbà tí mo rò pé ó ti rẹ àwọn ọmọ náà; ẹ̀jẹ̀ ni mo rí, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yè. Ọyẹ́ tún ti dé báyìí, ètè gbogbo wa ti ń là. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, kí sì ni kí n ṣe bí iná bá lọ lóru?

Ìyá Eléyin, Ìjerò

Ẹ kú àdánù ti ìṣáájú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tún ọjọ́ yín kà, nítorí ẹ ti kà á bí ẹni ń ka ọjà ọrọọrún, tí a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ti ẹyin kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé ọjọ́ Ajé yẹn ni ọjọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, nítorí náà ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ 18 yóò pé, tí ọjọ́ 21 yóò sì bọ́ sí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì náà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹyin kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn. Èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀ yóò ṣú dùdù, àfi ibi afẹ́fẹ́ tó wà ní ìdí rẹ̀ tó fẹ̀. Èyí tó bá mọ́lẹ̀ kedere káàkiri, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ó má baà rà, kí ó sì bú mọ́ àwọn tó kù. Ẹ yọ ohun tó ń yí ẹyin, ẹ tẹ́ aṣọ tó rí háráhárá sí ìsàlẹ̀, torí bí ibẹ̀ bá ń yọ̀, ẹsẹ̀ òròmọdìẹ yóò yà, ẹ kó ẹyin lé e ní ìbú, ẹ pa ọmọrí dé, kí ẹ sì gbàgbé pé ẹ ní ọwọ́.

Ooru kò yí padà, ìwọ̀n 37.5 náà ni lórí tẹmọ́mítà. Ọ̀rinrin ni ẹ ó gbé sókè, láti nǹkan bí 50 sí 65 tàbí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Fífẹ̀ ojú omi ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe jíjìn rẹ̀, nítorí náà ẹ lo àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ sì gbé kànìnkànìn tó ti mu omi sínú rẹ̀. Kí ẹ tó pa ọmọrí dé, ẹ ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ihò ara ẹ̀rọ wọ inú àwo náà, kí ẹ lè máa fi síríǹjì ta omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i láti ìta. Ẹ má dí ihò afẹ́fẹ́ o, torí ọmọ náà ti fẹ́ máa fi ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀ mí.

Ṣíṣí yẹn ló pa àwọn ti ìṣáájú. Bí ọmọrí ti ṣí, ọ̀rinrin jáde, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ èèpo gbẹ, ó sì lẹ̀ mọ́ ọmọ lára bí ọ̀rá, kò lè yíra padà mọ́. Àgbébọ̀ tó ń sàba pàápàá, bí ó bá ti ku ọjọ́ díẹ̀, agbára káká ni yóò fi dìde lọ jẹun.

Bàbá Òkè, Èfọ̀n

Ìyá Eléyin ti sọ púpọ̀ tán. Ní ti iná, òtútù orí òkè wa níhìn-ín ti kọ́ mi lọ́gbọ́n: bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ẹ̀rọ, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ẹ fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì to ìgò omi gbígbóná yí ìta rẹ̀ ká lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì náà. Ọmọ tó ti tó ọjọ́ 18 ń mú ooru wá fúnra rẹ̀, wákàtí díẹ̀ kò ní pa á. Ẹ̀rù ooru àpọ̀jù ni kí ó bà yín, òun ló ń yára pa wọ́n.

Olùsìn Ọ̀yẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ fi kún un, Ìyá lè má gbà pẹ̀lú mi. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti lu ihò àkọ́kọ́ sí ìgbà tí yóò gé èèpo yíká, ó lè gba odindi ọjọ́ kan, nítorí ó ṣì ń fa pupa ẹyin gba ìdodo wọ inú, ẹ̀jẹ̀ ara awọ náà sì ń padà sí i lára. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ bí wákàtí 24 bá ti kọjá láti ìgbà ihò yẹn, tí kò sí ìtẹ̀síwájú rárá, tí awọ etí ihò sì ti gbẹ bíi bébà, ẹ fi òwú tó mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ awọ náà, kí ẹ bó èèpo díẹ̀díẹ̀ láti ìdí tó fẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ bí orí abẹ́rẹ́, ẹ dá a padà kíákíá.

Ìyá Eléyin, Ìjerò

N kò gbà, ẹ̀gbọ́n. Èyí tí kò lè dá jáde kì í sábà dàgbà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹyin wọn ni, owó wọn sì ni.

Àbúrò Ìkọ̀lé

Mo padà wá jábọ̀. Ẹyin 41 ni ọmọ wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Mo fi aṣọ dúdú bo ojú ẹ̀rọ kí ojú má baà tàn mí, n kò sì ṣí i títí di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí mo ti mọ̀ pé pupa ẹyin tí ọmọ fà mọ́ra lè gbé e fún ọjọ́ méjì láìjẹ láìmu. Òròmọdìẹ 36 ni mo bá nínú rẹ̀, irun wọn ti gbẹ. Mo fi òwú ran ọ̀kan lọ́wọ́ bí ẹ̀gbọ́n Ọ̀yẹ́ ti wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń mu omi. Mẹ́rin tó kù kò fọhùn rárá, mo sì ti fi wọ́n sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la.