Akọ ni àbí abo? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí lẹ́yìnkùlé

Ará Kínnírá (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin aládìẹ. Mo ra àwọn òròmọdìẹ kan lápá Wazo, àwọn tí wọ́n ti fi iná tọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn wá sójú títì. Mo sọ fún ẹni tó ń tà á pé ẹyin ni mo ń wá, mi ò fẹ́ àkùkọ. Ó ní, "Màmá, abo ni gbogbo wọn, ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Wọ́n ti ń lọ sí oṣù kejì báyìí. Àwọn kan nínú wọn ti ń gbé ogbe pupa kiri, bí mo bá sì ṣí àgò láàárọ̀, ńṣe ni wọ́n ń nàyà síra wọn. Ọkọ mi ní kí n má wulẹ̀ ra kíréètì ẹyin mọ́, kí n lọ ra ìkòkò ọbẹ̀.

Kí ni ẹ̀yin fi ń dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo nígbà tí wọ́n ṣì kéré? Èyí tí ojú yín rí ni mo fẹ́ o. Ẹ má kọ "wọ́n ní" fún mi.

Bàbá Ìsọ̀kùn (Ọ̀yọ́)

Ìyàwó wa, ẹ kú ìnáwó. "Wọ́n ní" gan-an ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, torí mo dán an wò.

Ládùúgbò wa níbí, wọ́n ní ẹyin tó bá ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, akọ ló máa pa. Èyí tó bá rí roboto, abo ni. Wọ́n tún ní kí èèyàn di òròmọdìẹ mú lẹ́sẹ̀ kó dorí rẹ̀ kodò: èyí tó bá ń jà pìtìpìtì, akọ, èyí tó bá dákẹ́, abo. Èmi wá sọ pé kí n wo ti ẹyin ná. Nígbà tí adìẹ ìbílẹ̀ mi kan fẹ́ sàba, mo fi pẹ́ńsù sàmì sí àwọn ẹyin náà, mo ya ṣóńṣó sọ́tọ̀, mo ya roboto sọ́tọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélógún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa, mo jókòó ti ìtẹ́ náà. Bí ọ̀kan bá ti ń jáde ni mo ń so òwú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, òwú pupa fún ọmọ ẹyin ṣóńṣó, òwú dúdú fún ọmọ roboto. Ìyá wọn sọ mí lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gan-an sì ni pé òwú yẹn kò ṣe é so kéèyàn gbàgbé rẹ̀ o. Ẹsẹ̀ wọn ń nípọn lójoojúmọ́, bí ẹ kò bá tú u kí ẹ tún un so, ó máa wọ ẹran.

Àwòdì gbé nínú wọn. Àwọn tó kù gbó. Akọ wà lára àwọn olówùú pupa, abo náà wà níbẹ̀. Bákan náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn olówùú dúdú. Ti dídorí kodò, mi ò dán ìyẹn wò. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kí ló ṣe tí mo fẹ́ dorí rẹ̀ kodò?

Ọmọ LAUTECH àná (Ògbómọ̀ṣọ́)

Bàbá, ẹ ṣeun, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Ẹyin kò lè fi ìrísí sọ ọ́, torí pé ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo ti parí kí èèpo tó bo ẹyin rárá. Nínú adìẹ, ìyá ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe bàbá bíi tàwa èèyàn. (Ẹ̀yin ọkọ tó ń bá ìyàwó jà torí ó ń bí obìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.) Z àti W ni wọ́n ń pe ohun àjogúnbá tó ń pinnu rẹ̀. Z méjì ni àkùkọ ní. Ìyá adìẹ ní Z kan àti W kan. Èyí tó bá fi sínú ẹyin nínú méjèèjì ni ọmọ máa jẹ́: Z, akọ, W, abo. Ẹ̀yìn èyí ni ẹyin tó wá lọ sí ibi tí èèpo ti ń bò ó, ó sì ń lo nǹkan bí 20 wákàtí níbẹ̀. Bí inú ìyá bá ṣe rí ni ẹyin ṣe máa rí. Ìdí nìyẹn tí adìẹ tó ń yé ṣóńṣó fi sábà máa ń yé ṣóńṣó, tó sì ń pa tọkọ-tabo.

Ẹ kúkú fi ti abọ́lọ́rùn (èyí tí kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn) àti adìẹ aṣa (èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè) kún un, àwọn náà kì í sọ akọ tàbí abo. Akọ ń jẹ́ abọ́lọ́rùn, abo ń jẹ́ abọ́lọ́rùn.

Ọlọ́maṣín (Ọ̀yọ́)

Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń fi maṣín pa ẹyin. Ẹ má bi mí pé ibo.

Lọ́dọ̀ àwọn yẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá pa á náà ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọgbọ́n wà níbẹ̀. Adìẹ ẹlẹ́yin pupa, bí Isa Brown, àwọ̀ ló ń tú u fó. Ẹ fa pẹpẹ maṣín jáde, ẹ ó rí àwọn kan tí wọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú, abo nìyẹn. Àwọn tí wọ́n funfun tàbí tí wọ́n pọ́n bí inú ẹyin, akọ ni. Z tí ọmọ LAUTECH sọ yẹn ló gbé àwọ̀ náà dání. Wọ́n dìídì mú irú bàbá kan pọ̀ mọ́ irú ìyá kan kó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn akọ funfun yẹn ni wọ́n ń tà fún wa ní pọ́ọ́kú pé cockerel. Ti Nera, èyí tó dúdú, gbogbo wọn ló dúdú, ṣùgbọ́n akọ máa ń ní àmì funfun lórí.

Ti ìyẹ́ apá wà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ na apá òròmọdìẹ síta bí ẹni ń ṣí abẹ̀bẹ̀, ẹ ó rí ìlà ìyẹ́ méjì, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Bí ti ìsàlẹ̀ bá gùn dáadáa ju tòkè lọ, abo ni. Bí méjèèjì bá dọ́gba, akọ ni. Ẹ wá gbọ́ o: ẹ̀yà adìẹ tí wọ́n bá ti ṣètò ìyá àti bàbá rẹ̀ fún un nìkan ni èyí ń ṣiṣẹ́ fún. Mo rí fídíò kan lórí Facebook tí ẹnì kan ti ń na apá adìẹ ìbílẹ̀, tó ń pè é ní akọ, tó ń pè é ní abo, àwọn èèyàn sì ń kọ "ẹ ṣé sà" sábẹ́ rẹ̀. Inú bí mi. Adìẹ tó ń jẹ̀ kiri Sábó, tí a kò mọ bàbá rẹ̀, ta ló bá a ṣètò ìyẹ́ apá?

Ti ìdí ló le jù. Àwọn ará Japan ló gbé e jáde, Masui àti Hashimoto, ní àwọn ọdún 1920. Ọ̀gá wa kan gbọ́ ọ. Ó máa ń jókòó sábẹ́ gílóòbù tó mọ́lẹ̀ gan-an, á gbé òròmọdìẹ sọ́wọ́ òsì, á rọra tẹ ikùn rẹ̀ kí ìgbẹ́ lè jáde sínú agolo, á wá fi àtàǹpàkò ṣí ihò ìdí rẹ̀. Kókó kékeré kan tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ló ń wá níbẹ̀. Abo náà máa ń ní irú rẹ̀ nígbà míì, ti abo kàn rọ̀ ni, kì í dán bíi ti akọ. Kí ẹ tó ka gbólóhùn yìí tán, ó ti sọ ọ́ sínú àpótí. Àwọn tó mọṣẹ́ náà dójú àmì ń yẹ òròmọdìẹ tó lé ní 800 wò ní wákàtí kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa á ló dára jù. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣòro.

Ẹ má dán an wò nílé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀, bó bá tẹ̀ ẹ́ jù, ìfun ọmọ yẹn á bẹ́. Ojú mi ló ṣe.

Ìyá Aládìẹ (Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́)

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ adìẹ Ará Kínnírá ti kúrò ní ọmọ inú maṣín. Ẹ jẹ́ ká bá a sọ ti ọjà.

Láti bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà, ogbe ni mo ń wò. Ti akọ máa ń tètè fẹ̀, ó máa ń tètè pọ́n, ẹran tó rọ̀ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ náà á ti máa yọ. Ti abo á ṣì wà tín-ín-rín, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹsẹ̀ akọ máa ń nípọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ẹ̀yà kan náà, ni kí ẹ fi wéra. Ẹ má fi àgíríìkì wé ìbílẹ̀ o, ẹ ó kàn máa da ara yín láàmú ni.

Èyí tí mo gbọ́kàn lé ni ti ìyẹ́ ẹ̀yìn. Ó máa tó bí oṣù mẹ́ta kó tó hàn dáadáa. Ẹ gbé adìẹ náà, kí àyà rẹ̀ jókòó lé yín lọ́wọ́, kí orí rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá yín kó má baà jà. Ẹ wá fi ìka tú ìyẹ́ ibi tí ẹ̀yìn ti fẹ́ di ìrù, kí ẹ fa ẹyọ kan síta kó tẹ́ lórí àtẹ́lẹwọ́. Bó bá tín-ín-rín, tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tó ń dán, àkùkọ lẹ gbé dání. Bí orí rẹ̀ bá rí róbótó, abo ni. Ti ọrùn náà ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ti ìdí ìrù ló yé mi jù. Kò já mi kulẹ̀ rí.

Ìbẹ̀rù tí mo fẹ́ kí ẹ ní ni ti abo tó fẹ́ yé ẹyin àkọ́kọ́. Ogbe tiẹ̀ náà máa ń pọ́n nígbà náà, pupa fòò! Oníbàárà kan wá bá mi, àkùkọ funfun ló ń wá. Ó rí ogbe, ó ní òun ti rí i. Mo tú ìyẹ́ hàn án, kò gbà. Mo gbé ọwọ́ lé adìẹ lẹ́yìn, ó lóṣòó sílẹ̀, ó na apá, bí abo ṣe ń ṣe fún akọ. Kò gbà síbẹ̀, ó ní mo fẹ́ tà á fún ẹlòmíì ni. Ó sanwó, ó gbé e lọ. Nígbà tó tún wá sọ́jà, ẹyin méjì ló kó sínú ọ̀rá wá fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gàn ẹsẹ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ti ọ̀dọ́ àkùkọ kì í tíì yọ, àgbébọ̀ míì sì ń ní in.

Màmá Ìlorà

Ọ̀gàn tí Ìyá Aládìẹ sọ ló rán mi létí. Mo ní àgbébọ̀ kan tó ti pa ọmọ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ó dédé ṣíwọ́ yíyé. Ogbe rẹ̀ ń tóbi, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí padà. Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ kan, ó kọ! Ohùn rẹ̀ há, kò já geere, àmọ́ kíkọ ni. Ìyá ọkọ mi ti inú yàrá jáde pẹ̀lú ìró lásán. Wọ́n ní abo adìẹ kì í kọ, èèwọ̀ ni, a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oòrùn kan àtàrí bá a láàyè.

Mo pe dókítà ẹran kan tí mo mọ̀. Ó ní ilé ẹyin apá òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú adìẹ. Ti ọ̀tún máa ń kéré, kì í ṣe nǹkan kan. Bí àìsàn bá wá ba tòsì jẹ́, tọ̀tún lè wú, kó máa ṣe bíi ti akọ. Ó ṣọ̀wọ́n, ó ní, ṣùgbọ́n kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Mo ṣàlàyé fún ìyá títí. Wọ́n ní kí dókítà wá gbé e lọ sílé tiẹ̀. A pa á. Nígbà tí mo là á, mo wá ìṣù ẹyin pupa kéékèèké tó máa ń wà nínú àgbébọ̀, n kò rí i, ohun kan tó súnkì tó le gbagidi ló wà níbẹ̀. Àwa jẹ ẹran náà. Ìyá ní ẹ̀fọ́ tó òun.

Ará Kínnírá

Màmá Ìlorà, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣeun gbogbo yín. Bó bá wá jẹ́ pé akọ ló pọ̀ nínú tèmi ńkọ́? Noiler ni wọ́n.

Ìyá Aládìẹ

Kò sí òfò níbẹ̀. Noiler tí Amo Farm Sieberer Hatchery ń pa jáde ní Awẹ́ níbí, tẹran-tẹyin ni, akọ rẹ̀ máa ń tóbi. Bọ́ wọn di ìgbà ọdún kí o tà wọ́n. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n pa ọmọ, akọ kan tó fún abo bíi mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ ẹyin jíjẹ lásán lo ń wá, o ò nílò akọ kankan, abo á yé láìsí i. Àwọn kan ṣì ń jiyàn èyí lọ́jà títí dòní.

Ẹlẹ́pẹ́pẹ́yẹ (Òkè Àdó, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ adìẹ. Ṣé ẹnì kan mọ ti awó? Tèmi ti dàgbà, akọ àti abo jọra bí ìbejì, ogbe wọn kò sọ nǹkan kan fún mi. Ti pẹ́pẹ́yẹ mo mọ̀: akọ tóbi, ẹran pupa ojú rẹ̀ pọ̀, fíìfíì ló ń ṣe bí ẹ bá sún mọ́ ọn.

Ọlọ́maṣín

Ti awó, etí ni kí ẹ lò. Abo nìkan ló ń ké igbe oníméjì, ìró méjì tó so pọ̀, tí èkejì ń lọ sókè. Akọ kì í ké e rárá, igbe ẹyọ kan ló ń ké léraléra. Abo náà lè ké ti ẹyọ kan o, pàápàá bí ẹ̀rù bá bà á, nítorí náà ẹ dúró gbọ́ ti oníméjì. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ sàmì sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kíá, torí bí wọ́n bá fi lè dàpọ̀ padà, ó di àtúnṣe.